Láti Orí Owó Ẹyọ Dé Orí Fóònù: Bí Àwọn Ọmọ Wa Ṣe Ń Kọ́ Ìṣirò

  Nínú ìwé ìrántí ọdọọdún yìí, ó ti mọ́ wa lára láti máa fi ojú ewé díẹ̀ sọ ìtàn ilé, kí àwọn ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odò má baà rò pé ibi tí wọ́n ti là ojú ni ayé ti bẹ̀rẹ̀. Ti ọdún yìí yàtọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ìtàn ọba, kì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn ìṣirò ni, ìṣirò kékeré tí ọmọdé ń kọ́: èjì àti ẹ̀ta jẹ́ àrún, ẹ̀sán lọ́nà mẹ́fà jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà kò ju báyìí lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wa, oníbàárà kan ra páálí bísíkíìtì mẹ́rin, 350 náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì mú 2,000 náírà sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó dúró ti ọjà. Ó na ọwọ́ sí fóònù bàbá rẹ̀, ó ń wá ibi tí a ti ń ṣe ìṣirò. Ìyá àgbà rẹ̀, tí ó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wẹ ọmọ tuntun fún wọn, jókòó lórí àpótí lẹ́yìn, ó ń rẹ́ ilá. Fóònù náà kò tíì ṣí tán tí ìyá fi sọ pé, "Ẹgbẹ̀ta náírà ni ṣéńjì rẹ̀." Ìyá yìí kò jókòó ní kíláàsì rí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà yíjú sí bàbá rẹ̀, tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bèèrè ohun tí ń jẹ́ ẹgbẹ̀ta, ẹ̀rín náà dá.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa léèrè: ta ni ó kọ́ ìyá yẹn? Kí ni ó fi kọ́ ọ? Ṣé fóònù ni ó ba ti ọmọ wa jẹ́, àbí a kò lo fóònù náà bí ó ti yẹ ni? A kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀rọ. Nínú wa ni àwọn tí ń ta fóònù, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. A kò sì fẹ́ sọ pé gbogbo àtijọ́ ni ó dára, nítorí a mọ̀ pé ogójì ọdún tí ìyá náà fi ta gàrí ni ó mú orí rẹ̀ yá bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn, ìtàn náà sì gùn.

Ẹ̀rọ ìṣirò àkọ́kọ́ tí àwọn baba ńlá wa ní ni owó ẹyọ. Kò hù ní ilẹ̀ wa. Láti erékùṣù Maldives, lójú òkun India lọ́hùn-ún, ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti rìnrìn àjò dé ọ̀dọ̀ wa. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá kún àpò kan, ìyẹn 20,000, àpò yìí náà ni à ń pè ní ọ̀kẹ́. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé títí di òní, ẹni tí ó bá pe 20,000 ní ọ̀kẹ́ kan, àpò owó ẹyọ ni ó ń dárúkọ láìmọ̀.

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tí ó gbé ní Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde ní 1887 nípa ònkà Yorùbá. Ó ṣàlàyé bí ẹni tí ń ka owó ṣe ń da àpò sílẹ̀, tí ó ń fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún, títí yóò fi di ogún. Ogún márùn-ún yóò di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì ni yóò gbá jọ di igba. Àlùfáà Samuel Johnson náà kò gbàgbé ònkà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọmọdé tí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ nígbà tí ìyá ń ka owó ọjà. Ojú rẹ̀ rí àrún, ọwọ́ rẹ̀ kan àrún, etí rẹ̀ gbọ́ àrún. Bí ó bá ṣì í kà, okùn kò ní pé, ìyá yóò sì ní kí ó tún un kà.

Àbùdá mìíràn wà nínú ònkà wa tí a kì í kíyè sí mọ́. Bí ọmọ òyìnbó bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe 17, orúkọ lásán ni ó kọ́ sórí. Bí ọmọ tiwa bá sọ pé ẹẹ́tàdínlógún, ìṣirò ni ó ti ṣe yẹn: ó mú ẹ̀ta kúrò nínú ogún. Aárùndínlógójì, ó mú àrún kúrò nínú ogójì. Bí ó bá dé aárùndínláàádọ́ta, iṣẹ́ ti pọ̀ sí i: ogún lọ́nà mẹ́ta jẹ́ ọgọ́ta, a mú ẹ̀wá kúrò ó di àádọ́ta, a tún mú àrún kúrò. Ìsọdipúpọ̀ kan àti ìyọkúrò méjì nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! A kò ní purọ́ fún yín, ònkà yìí a máa le tí nọ́ńbà bá pọ̀, àwọn olùkọ́ sì ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọmọdé tí ń kọ́ láti ení dé ọgọ́rùn-ún, ìdánrawò ọ̀fẹ́ ni.

Lẹ́yìn owó ẹyọ, ọpọ́n ayò. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ta kì í fi ọwọ́ kàn án kí ó tó mọ ihò tí ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí. Ojú ni ó fi ń kà á. Àwọn ọmọdé máa ń dúró lẹ́yìn àwọn àgbà lábẹ́ igi, wọn kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n inú wọn ń kà. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ilé ìwé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí o bá ṣìrò, ẹni tí ẹ jọ ń ta yóò jẹ ọmọ rẹ lójú rẹ, ìwọ náà yóò sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé o ti ṣìrò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ibi yìí mú, nítorí a óò padà sí i. Owó ẹyọ kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọpọ́n ayò kì í sọ iye tí ó jẹ́ fún ọmọ. Ńṣe ni wọ́n ń bi í léèrè.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á wá sí etí odò tiwa níbí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa rò pé àlejò pátápátá ni Yorùbá jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìwé ní Onitsha. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1857, ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Dayspring gba Odò Ọya gòkè wá, ó kọjá níwájú ilẹ̀ Ogbaru yìí kí ó tó gúnlẹ̀ sí Onitsha. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀, ọmọ Ọ̀ṣọ́ọ̀gùn, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 tí Ọlọ́run sì yọ. Ní 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ ti jáde. John Christopher Taylor wà pẹ̀lú rẹ̀, àlùfáà tí a bí ní Sierra Leone, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò. Crowther bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí òkè odò, Taylor dúró ní Onitsha, iṣẹ́ ìjọ àti ti ilé ìwé sì bẹ̀rẹ̀. Yorùbá kan àti Ìgbò kan ni ó jọ gbé ìwé dé èbúté yìí. Ó yẹ kí ọmọ wa mọ èyí nígbà tí wọ́n bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì pé ará òkè òkun ni.

Ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì mú ẹ̀rọ tuntun wá. Síléètì ni, pátákó òkúta dúdú tí a ń kọ nǹkan sí tí a sì ń nù ún nù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí wáyà nínú férémù, tí tíṣà ń tì láti ọ̀tún sí òsì. Ibi tí kò bá sí ìyẹn, wọn yóò ní kí ọmọ kó ọwọ́ ìgbálẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ìdérí ìgò wá láti ilé. Àwọn tí ó ti tó àádọ́ta ọdún nínú wa kò ní gbàgbé: a fi okùn di ọwọ́ ìgbálẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá, a kó o sínú àpò ìwé, ẹni tí ó bá sì gbàgbé tirẹ̀ sílé, pasán ni.

Pasán yẹn náà jẹ́ ara ìtàn. Táìmùsì tébù wà lẹ́yìn ìwé ìkọ̀wé wa, láti ení dé èjìlá, a sì ń kà á lórin ní òwúrọ̀ bí ẹni ń ka sáàmù. Orin náà wọ orí lóòótọ́. Ohun tí ó burú ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ mọ orin náà láìmọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Bí o bá bi í ní mẹ́jọ lọ́nà méje, yóò ní láti bẹ̀rẹ̀ orin láti orí mẹ́jọ lọ́nà kan. Àwọn kan sì wà tí ìbẹ̀rù ìṣirò kò tíì kúrò lára wọn títí di òní nítorí pasán. A kì í ṣe àwọn tí ń sọ pé kí á dá a padà.

Kí nìdí tí tébù náà fi dé orí èjìlá? Owó ni. Kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè ni pọ́n-ùn kan. Ọmọ tí kò mọ ìlọ́po méjìlá kò lè ra epo láìjẹ́ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Tọ́rọ́, sísì, ṣílè, ẹ̀pìnnì, gbogbo rẹ̀ ni ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó jáde lọ sí ọjà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 ni Nàìjíríà yí padà sí náírà àti kọ́bọ̀, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ sí náírà kan. Láti ọjọ́ náà ni ìlọ́po méjìlá ti di ohun tí a kàn ń kà nítorí pé ó wà lẹ́yìn ìwé.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni èrò púpọ̀ ṣẹlẹ̀ nípa bí ó ṣe yẹ kí ọmọ kọ́ ìṣirò. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìlà Oòrùn níhìn-ín sì tẹ̀lé e ní 1957. Kíláàsì kún. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò ìgbàlódé wọlé, èyí tí ó ti inú ìwé tí àwọn olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ní Entebbe, ní Uganda, ní 1962. Bàbá tí ó bá fẹ́ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àṣetiléwá yóò wo ìwé náà títí, yóò sì dá a padà fún un. Kí ọdún 1980 tó pé, ìjọba ti fagi lé e.

Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn kan rò pé àwọn ọmọ náà yóò ya òpè. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, nínú ìṣirò àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ní òkè òkun, àwọn mìíràn ń ronú nípa ẹ̀rọ. Ní 1953, B. F. Skinner, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, lọ wo kíláàsì ọmọ rẹ̀ obìnrin ní àsìkò ìṣirò. Ó rí i pé àwọn ọmọ ń kọ ìdáhùn láìmọ̀ bóyá wọ́n gbà á tàbí wọn kò gbà á, ó di ìgbà tí tíṣà bá ṣe máàkì tán. Ó lọ sí ilé, ó kan àpótí kan. Àpótí náà a béèrè ìṣirò, ọmọ a fi nọ́ńbà dáhùn. Bí ó bá gbà á, ìbéèrè mìíràn a yọ, bí kò bá gbà á, kò sí ibi tí yóò lọ. Àwa tí a mọ ayò yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ síbí yìí. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Patrick Suppes ní Yunifásítì Stanford gbé irú èyí sórí kọ̀ǹpútà ńlá: ọmọ jókòó ní ilé ìwé rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń fi wáyà tẹlifóònù béèrè ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ẹ̀wẹ̀, ní 1967, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Texas Instruments ṣe kalikulétọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ṣeé gbá mú lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ olóòrùn kún ọjà wa nígbẹ̀yìn, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò ní in. Nǹkan yí padà níbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ìṣirò kò béèrè mọ́, ó ń dáhùn. Fún bàbá tí ń ka ọgọ́rùn-ún báálì aṣọ, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Fún ọmọ ọdún méje, ẹ̀sìn mìíràn ni. Ilé iṣẹ́ kan náà yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ní 1976 wọ́n gbé ohun ìṣeré kan jáde tí wọ́n pè ní Little Professor. Ó ní ojú bàbá arúgbó onígíláàsì. Kàkà kí ọmọ bi í, òun ni yóò bi ọmọ. Bí ọmọ bá kùnà, yóò kọ EEE. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, yóò wá fi ìdáhùn hàn án. Ara, ọpọlọ àti bátìrì kan náà ni ti kalikulétọ̀, ìwà nìkan ni a yí padà.

A kò gbọ́dọ̀ fo rédíò. Láti 1974 ní orílẹ̀-èdè Nikarágúà, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé kékeré ní ìṣirò láti inú rédíò. Rédíò yóò béèrè, yóò dákẹ́, gbogbo kíláàsì yóò pariwo ìdáhùn, rédíò yóò sì sọ èyí tí ó tọ̀nà. Àbúlé tí kò ní iná mànàmáná rí i lò, nítorí òkúta bátìrì kò wọ́n.

Ní ti àkókò tiwa, ọ̀rọ̀ ti di ti tábílẹ́ẹ̀tì àti fóònù. Ní 2007, àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Galadima, ní Àbújá, wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí wọ́n fún ní kọ̀ǹpútà kékeré aláwọ̀ ewé àti funfun ti ètò One Laptop per Child. Ní 2013, ìjọba Ọ̀ṣun gbé tábílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde. Àwọn ọmọ ilé ìwé gíríámà àgbà ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe àwọn kékeré, ṣùgbọ́n a kan sáárá sí ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ. Ọpọ́n ayò, ọpọ́n Ifá, ọpọ́n ìmọ̀: ẹni náà mọ ibi tí a ti ń bọ̀.

Ibi tí wọ́n ti dán ti àwọn ọmọ kékeré wò dáadáa ni Màláwì. Láti 2013, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Lilongwe, wọ́n gbé tábílẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní dé ìkẹta láti fi kọ́ ìṣirò. Ohùn tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, Chichewa ni, èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Nicola Pitchford ti Yunifásítì Nottingham tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àwọn tí ó lò ó fi àwọn tí kò lò ó sílẹ̀ nínú ìṣirò. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe áàpù náà, onebillion, wà lára àwọn tí ó díje nínú Global Learning XPRIZE. Ní Tansaníà, ní agbègbè Tanga, wọ́n pín tábílẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bí 3,000 ọmọ ní abúlé tí ó tó 170, ọ̀pọ̀ nínú wọn tí kò dé ilé ìwé rí, wọ́n sì fi èdè Swahili kọ́ wọn ní kíkà, kíkọ àti ìṣirò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, onebillion àti Kitkit School jọ pín ẹ̀bùn mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Kò sí èyí tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí nínú méjèèjì.

Ṣùgbọ́n èyí tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òbí gbé lọ sílé ni ti Bòtswánà, nítorí kò ná ẹnikẹ́ni ní owó tábílẹ́ẹ̀tì. Ní 2020 tí àrùn kòrónà ti ilé ìwé pa, àwọn kan níbẹ̀ mú ìdílé tí ó tó 4,500. Wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìṣirò ránṣẹ́ sí apá kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Apá kejì gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ẹnìkan sì tún ń pè wọ́n lórí fóònù lásán, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, láti bá òbí àti ọmọ ṣe ìṣirò náà pọ̀. Àwọn tí ó gba àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan, a kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ṣe wọ́n láǹfààní. Àwọn tí ẹnìkan pè, ìṣirò wọn gbé pẹ́ẹ́lí. Fóònù tí kò ní kámẹ́rà, tí kò ní dátà, ohùn ènìyàn nìkan ni ó wà nínú rẹ̀.

Ní Odekpe, ẹ mọ ìdí tí èyí fi ká wa lára. Ní 2012, odò kún bo Ogbaru, ní 2022 ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, omi wọ ilé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé sì dúró. Ọmọ tí ó ń kọ́ ìlọ́po mẹ́fà bọ̀, kí omi tó fà, ó ti padà sí ẹyọ kan. Ìwé rà nínú omi. Fóònù nìkan ni gbogbo wa gbé sórí sá.

Ti èdè náà ń kọ́. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí á padà sí. Kí á sọ òótọ́, bí òfin náà tilẹ̀ dúró, Ìgbò ni èdè abínibí tí wọn yóò fi kọ́ àwọn ọmọ wa níhìn-ín, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Àwọn ọmọ wa ń ka nọ́ńbà ní Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì, wọ́n ń ná ọjà ní Ìgbò, wọ́n sì gbọ́ ọ dáadáa, a yìn wọ́n. Èyí tí ó ṣẹ́ kù, àwa òbí nìkan ni ó wà lọ́wọ́ wa. Kò sí ìjọba tí yóò wá kọ́ ọmọ wa ní ẹẹ́tàdínlógún.

Nítorí náà, àwọn ìyá díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìpàdé. Wọ́n gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù, láti ení dé ọgọ́rùn-ún, wọ́n fi àlàfo sí àárín gẹ́gẹ́ bíi ti rédíò Nikarágúà yẹn, kí ọmọ lè dáhùn kí ohùn tó sọ ọ́. Ẹnìkan gbé ọpọ́n ayò wá láti Ìsẹ́yìn. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń sá fún un nítorí pé kò ní iná tí ń tàn, ní báyìí wọ́n ń jà sí i. Àwọn tí ó bá ní áàpù ìṣirò lórí fóònù, a ní kí wọ́n yan èyí tí ń béèrè, kí wọ́n sì jókòó ti ọmọ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí bí àgbà bá dìde, eré bọ́ọ̀lù ni ọmọ yóò ṣí. Kalikulétọ̀ inú fóònù, ẹ̀yìn ìdáhùn ni a ń ṣí i, láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tí ó rọrùn jù, tí àwọn ọmọ sì fẹ́ràn jù, ni pípe ìyá àgbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìyá a gbé fóònù nílé lọ́hùn-ún, a sì bẹ̀rẹ̀: "Bí mo bá fún ọ ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, tí o ra iyọ̀ igba náírà, èló ni wàá mú bọ̀ fún mi?" Ọmọ a ronú, a dáhùn. Bí ó bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyá a ní òun kò gbọ́, kí ó tún un sọ. Ọ̀ọ́dúnrún ni, yóò wá rí i.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí, ìyá àgbà rẹ̀ sì ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, òun ni ó gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ bi ìyá léèrè. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Bí páálí bísíkíìtì bá di ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, tí oníbàárà ra méje, tí ó san ẹgbàajì, èló ni ṣéńjì rẹ̀?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá fi kún un pé, "Ẹ má wo fóònù o."